Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Anti Òǹtẹ̀ Fi Panu Mọ́

Obìnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, nídìí fèrèsé kejì, níbi tí wọ́n ti ń gba páálí àti lẹ́tà tó ń lọ sọ́nà jíjìn. Kò ga, kò kúrú, kì í sì í ṣe ẹlẹ́nu púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá fi òǹtẹ̀ lu ìwé, gbogbo ilé ló máa ń gbọ́. Ó ti pé ọdún méjìlélógójì. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ló ń gbé pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, àti ìyàwó àbúrò náà.

Lọ́dọọdún, tí àwọn ọmọ iléèwé bá gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba líìfù kí wọ́n lè máa sùn títí oòrùn á fi wọlé wá jí wọn, òun á di ẹrù, á gba àgọ́ àwọn ọmọ ìjọ wọn lọ. Ẹ̀yìn ìlú ni àgọ́ náà wà, létí adágún omi kan: ilé gígùn mẹ́fà, yàrá ìjẹun, gbọ̀ngàn àdúrà tí páànù rẹ̀ máa ń pariwo tójò bá ń rọ̀, àti pápá tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ti tẹ koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ọmọ mẹ́wàá mẹ́wàá ló ń wà ní yàrá kan, àgbàlagbà kan á sì máa sùn sí yàrá náà pẹ̀lú wọn. Tó bá jẹ́ yàrá ọmọbìnrin, anti yàrá ni wọ́n ń pe onítọ̀hún.

Iṣẹ́ anti yàrá ò lórúkọ tó tó o. Òun ló ń jí wọn. Òun ló ń wò ó bóyá búrọ́ọ̀ṣì kan eyín lóòótọ́ àbí omi nìkan ni wọ́n fi fọ ẹnu. Òun ló ń bá wọn tún irun tó ti tú dì, tó ń fi òróró sí ojú ibi tí ẹ̀fọn ti jẹ wọ́n, tó ń làjà lórí bẹ́ẹ̀dì òkè. Tí ọmọ kan bá tọ̀ sílé, òun ló máa fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà kí àwọn yòókù tó jí, tí á sì sá a síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní béèrè. Tí ìyẹn bá tán, yóò jókòó, yóò gbọ́ ẹjọ́.

Àbúrò rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Àwọn èèyàn ń gba líìfù kí wọ́n lè sinmi. Ìwọ ń gba tìẹ kó o lè lọ ṣiṣẹ́ tó ju ti ọ́fíìsì lọ."

Ẹ̀gbọ́n á ní, "Ọmọ mẹ́wàá ni mò ń ní lọ́dọọdún láìrọbí. Ta ló tún rí irú ẹ̀?"

Àbúrò á rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ kì í bá wọn rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, torí ó mọ ibi tí àwàdà náà ti ń ta ẹni tó ń dá a.

Lọ́dún àkọ́kọ́ tó lọ, ó mú òǹtẹ̀ àtijọ́ kan lọ́wọ́, èyí tí ọ́fíìsì ti pa tì nítorí pé ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ ti há, kò yí mọ́. Ọmọ tó bá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dáadáa, á tẹ̀ ẹ́ sí i lẹ́yìn ọwọ́. Àwọn ọmọ ò ní fẹ́ fọ ọwọ́ yẹn mọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Anti Òǹtẹ̀, tó fi di pé àwọn àgbààgbà ìjọ pàápàá gbàgbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ níbẹ̀ ni Ẹ̀gà dé.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ó tín-ínrín, eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán díẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìsinmi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ṣú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní orúkọ ẹyẹ tó ń pariwo lórí ọ̀pẹ. "Anti, ṣé ẹja máa ń sùn? Anti, tí èèyàn kan bá gbàdúrà pé kójò rọ̀, tí ẹnìkejì ní kó má rọ̀, ta ni Ọlọ́run máa gbọ́ tiẹ̀?"

Anti Òǹtẹ̀ á ní, "Sùn ná. Tó o bá jí, wàá bi í fúnra rẹ."

"Ṣé Ọlọ́run máa ń tètè jí ni?"

Ìyá àgbà rẹ̀, ìyẹn ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ló mú un wá. Kí màmá yìí tó padà, ó fa Anti Òǹtẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ìyá ọmọ náà ti wà ní họ́sípítù láti oṣù méjì, pé dókítà ní ara ń bọ̀ sípò, pé òun kàn fẹ́ kí ọmọ rí ibi ṣeré sí. "Ilé ti kún fún ìmí ẹ̀dùn," bó ṣe wí nìyẹn. "Ọmọ ò gbọ́dọ̀ máa fi ìyẹn ṣe afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú."

Òfin àgọ́ ni pé kò sí fóònù fún ọmọ kankan. Ẹni tó bá fẹ́ kí ilé yóò kọ lẹ́tà, ọkọ̀ àgọ́ á sì kó lẹ́tà lọ sí ìlú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù kì í kọ ju ẹyọ kan lọ, wọn a sì fi gbogbo rẹ̀ tọrọ bísíkíìtì. Ojoojúmọ́ ni Ẹ̀gà ń kọ tiẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí wọ́n bá ní kí gbogbo ọmọ fẹ̀yìn lélẹ̀ fún wákàtí kan, òun á dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, á na ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, á máa kọ̀wé.

"Anti, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ 'adágún'? Àmì wo ló wà lórí 'a' kejì?"

Nígbà míì á kà á sókè kó lè mọ̀ bóyá ó dùn-ún gbọ́: "Màmá mi, mo ti lè lúwẹ̀ẹ́ dé ibi òpó kejì. Ẹ má sọ fún màmá àgbà, wọ́n á ní omi máa gbé mi lọ. Anti yàrá wa dáa, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń han-run. Ṣé ẹ ti lè sùn?"

"Èmi kì í han-run," Anti Òǹtẹ̀ á wí.

"Ẹ̀ ń sùn ni, ẹ ò lè gbọ́ ọ."

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, bí wọ́n ṣe ń jẹun àárọ̀ lọ́wọ́, pásítọ̀ tó ń darí àgọ́ ránṣẹ́ pè é. Àgbàlagbà onírẹ̀lẹ̀ ni, gbogbo ọmọ ló ń pè é ní Bàbá Àgọ́. Ó ti ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ohun tí kì í ṣe. Ó ní kí Anti Òǹtẹ̀ jókòó.

"Ìyá Ẹ̀gà ti kú," ó ní. "Lánàá, lọ́sàn-án. Màmá àgbà pè mí láàárọ̀ yìí."

Anti Òǹtẹ̀ ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ láti yàrá ìjẹun, ó sì mọ ohùn tó ga jù nínú wọn.

"Wọ́n bẹ̀ mí pé ká má tíì sọ fún un. Ní Àbámẹ́ta tí àgọ́ bá parí, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin máa wá mú un, yóò sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n ní ká jẹ́ kó parí eré rẹ̀."

"Tó bá bi mí ńkọ́, sà?"

Bàbá Àgọ́ fi ọwọ́ nu ojú. Kì í ṣe ẹni burúkú. Òun náà kò mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. "Ilé ló ni ọmọ," ó ní. "Tí ilé bá ní ká má sọ, a ò lè sọ. Má purọ́ fún un. Ṣáà wá ọ̀nà."

Anti Òǹtẹ̀ gbà. Ó dìde, ó jáde. Kò béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa sìnkú. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Nígbà tó yá, ìyẹn ló wá di ohun tó ń bi ara rẹ̀ lójoojúmọ́, pé báwo ni òun ṣe jókòó síwájú pásítọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òun ò béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn.

Lọ́sàn-án, Ẹ̀gà mú lẹ́tà ọjọ́ náà wá fún un. Ó tì í bọ inú àpò pẹ̀lú àwọn tó kù, nígbà tó tún ṣe, ó yọ ọ́. Ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, àpótí kan wà tí wọ́n ń sọ lẹ́tà sí, àwọn lẹ́tà tí wọn ò rí ẹni tó ni wọ́n. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí yẹn láìbojú wò ó. Ó ká lẹ́tà ọmọ náà, ó fi í sínú àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fa síìpù rẹ̀ dé.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́ ọmọ náà ní ìkẹ́ tó pọ̀ jù. Ó bá a gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ní kó wá máa sùn lẹ́bàá fèrèsé, ibi tí gbogbo wọn ń torí rẹ̀ bá ara wọn jà. Ọmọ kan ní yàrá náà ní, "Anti, ẹ̀ ń ṣojúsàájú o." Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ẹ̀gà kì í ṣe òmùgọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ń fọ abọ́ níbi ẹ̀rọ omi lẹ́yìn yàrá ìjẹun, àwọn méjì nìkan ló kù níbẹ̀.

"Anti, kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń wò mí báyìí?"

"Báwo ni mo ṣe ń wò ọ́?"

"Bí ìgbà tí ara mi ò yá." Ó ṣan abọ́ kan, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. "Ṣé wọ́n pè láti ilé? Báwo ni màmá mi?"

Omi ń dà. Anti Òǹtẹ̀ na ọwọ́ láti pa á, kò pa á. Ó rántí pé kí òun má purọ́.

"Màmá rẹ ń sinmi," ó ní.

Àgbàlagbà tó bá gbọ́ gbólóhùn yẹn á ti mọ̀, á tẹrí ba. Ọmọdé ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àgbà máa ń wọ aṣọ lé aṣọ. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ náà ló gbà.

"Wọn ò jẹ̀rora mọ́?"

"Wọn ò jẹ̀rora mọ́."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gà. Ó dì mọ́ anti rẹ̀ níbàdí pẹ̀lú ọwọ́ olómi, ọ̀ṣẹ tó wà lápá rẹ̀ ń rin aṣọ. Ó ń rẹ́rìn-ín sínú aṣọ náà. Obìnrin yìí dúró gbagidi bí òpó, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, kò mọ ibi tó máa gbé wọn lé.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń ṣe ìdúpẹ́ ìparí. Ọmọ tó bá ní ẹ̀rí á jáde síwájú, á sọ ọ́, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọkùnrin kan dúpẹ́ pé òun ò tọ̀ sílé mọ́, gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gà ló kàn. Sísá ló sá jáde.

"Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí màmá mi lè sùn láìkérora," ó ní. "Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́. Anti Òǹtẹ̀ wá sọ fún mi lánàá pé màmá mi ti ń sinmi, wọn ò jẹ̀rora mọ́. Ẹ bá mi dúpẹ́."

Gbọ̀ngàn bú sórin. Àwọn ọmọ ń lu àga, wọ́n ń fò. Bàbá Àgọ́ tó jókòó níwájú yí ọrùn padà, ó wo Anti Òǹtẹ̀ níbi tó wà lẹ́yìn. Nínú èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, àwọn méjì yìí nìkan ló mọ̀. Wọ́n wo ara wọn báyẹn, lẹ́yìn náà ni àgbàlagbà náà gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Anti Òǹtẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná jáde. Ó di ẹsẹ̀ táǹkì omi mú. Ìyá tó ń dáná fún àgọ́ yọjú, ó ní, "Ṣé inú ló ń run yín ni?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Irọ́ kan ṣoṣo tó pa nínú ọjọ́ mẹ́ta yẹn nìyẹn, ẹni tí kò sì kàn ló pa á fún.

Ó rò ó pé kí òun padà wọlé, kí òun fa ọmọ náà lọ́wọ́, kí òun mú un lọ sétí omi, kí òun sọ ọ́. Ó dé ẹnu fèrèsé. Ó rí i tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé e sókè, tí ẹnu rẹ̀ là gbayawu, tí eyín tó kán hàn. Ó ní, ó dọ̀la. Ó ní, ẹ jẹ́ kó ní òní yìí. Ó fẹ̀yìn ti ògiri títí orin fi tán.

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ dé kí ìrì tó gbẹ. Ọkùnrin gíga ni, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú, kò sì lè wo ojú ọmọ tó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú báàgì.

"Bùọ̀dá, ṣé a máa gba họ́sípítù kọjá?"

Inú ọ́fíìsì Bàbá Àgọ́ ni wọ́n ti sọ ọ́ fún un. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ kó lè ga bákan náà pẹ̀lú rẹ̀. Anti Òǹtẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà ò sunkún.

"Nígbà wo?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Ó fi ìka ka ọjọ́. "Ibo ni wọ́n wà báyìí? Mo fẹ́ rí wọn."

Ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "A ti sin wọ́n, ọmọ mi. Lánàá, ní nǹkan bí aago mẹ́ta."

Ní aago mẹ́ta àná, orí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Ẹ̀gà wà, tó ń dúpẹ́. Anti Òǹtẹ̀ gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Ọmọ náà yíjú sí i. Kò bínú. Ohùn tó fi ń béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ náà ló lò.

"Anti, ẹ ní wọ́n ń sinmi."

Ẹ̀gà gbé báàgì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n fẹ́ bá a gbé e, kò gbà. Ó wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ti ìlẹ̀kùn.

Nígbà tí Anti Òǹtẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, bó ṣe rọra ń tẹ òǹtẹ̀ mú kí ẹni tó wà ní fèrèsé kẹta béèrè bóyá ọwọ́ ń dùn ún. Nílé, ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló fọgbọ́n fa ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan tí wọ́n jọ ń ká aṣọ.

"Ẹ ò kúkú purọ́," ìyàwó ní.

"Ibi tó burú sí gan-an nìyẹn. Ká ní irọ́ ni mo pa, ǹ bá tọrọ àforíjì irọ́. Òótọ́ ni mo fi tàn án jẹ."

Ìyàwó bá a ká èyí tó kù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Anti Òǹtẹ̀ gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó lọ sílé màmá àgbà. Ó mú lẹ́tà mẹ́ta lọ́wọ́, ti Ọjọ́rú, ti Ọjọ́bọ̀ àti ti Ẹtì. Yàrá tí wọ́n gbà á sí mọ́ tónítóní. Ìgò oògùn ṣì tò sójú fèrèsé. Bàtà obìnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì hàn pé gbogbo ẹni tó ń wọlé ló ń gbé ẹsẹ̀ rékọjá rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbé e kúrò.

"Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ má sọ," màmá àgbà wí, kí àlejò rẹ̀ tó jókòó dáadáa. "Mo rò pé ọjọ́ mẹ́ta ni mò ń fi ta ọmọ mi lọ́rẹ. Látìgbà tó ti dé, ẹ káàárọ̀ àti ẹ káalẹ́ nìkan ló ń bá mi sọ. Ọmọ tí mo máa ń bẹ̀ pé kó panu mọ́."

Ó pe ọmọ náà. Ó pẹ́ kó tó jáde. Ó kúnlẹ̀, ó kí anti bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó jókòó sétí àga. Anti Òǹtẹ̀ na lẹ́tà náà sí i.

"Mi ò fi wọ́n ránṣẹ́."

Ó gbà wọ́n, ó tò wọ́n ní ìtòtẹ̀léra ọjọ́. "Ṣé ẹ ti mọ̀ nígbà tí mo ń jẹ́rìí?"

"Fi ìyẹn sílẹ̀, ọmọ mi," màmá àgbà ní.

"Mo ti mọ̀," Anti Òǹtẹ̀ dáhùn. "Láti Ọjọ́rú."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ jẹ́ kí n dìde?"

Ó lè dárúkọ pásítọ̀. Ó lè dárúkọ òfin, tàbí kó kàn gbójú wo màmá àgbà tó jókòó níwájú rẹ̀. Kò ṣe ọ̀kankan. "Ẹ̀rù ló bà mí," ó ní. "Inú rẹ ń dùn, mi ò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa bà á jẹ́. Tí mo bá ti sọ fún ọ ni, ò bá ti rí màmá rẹ kí wọ́n tó sin wọ́n. Mo wà lára àwọn tó gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ọmọ náà ń wo lẹ́tà tó wà lórí itan rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún tí kò tíì sun látọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún un. Anti Òǹtẹ̀ na ọwọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ náà kọrí sí. Ìyá àgbà ló lọ bá, ó gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, ìyá àgbà náà sì tẹrí ba lé e lórí, àwọn méjèèjì jọ ń sunkún. Lẹ́tà fọ́n ká sílẹ̀. Àlejò jókòó títí ẹkún fi rọlẹ̀. Nígbà tó dìde, màmá àgbà fi ojú sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ náà ò gbórí sókè.

Nígbà tí ọdún yípo, Bàbá Àgọ́ ránṣẹ́ pe Anti Òǹtẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní kó tún wá ṣe anti yàrá. Ó ní òun á wá tí Bàbá bá lè ṣèlérí pé tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá tún dé, wọn ò ní fi pamọ́ fún ọmọ kankan ní yàrá òun. Bàbá Àgọ́ ní, "Mi ò lè ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ lórí ọmọ ọlọ́mọ." Anti Òǹtẹ̀ ní, "Ó ti yé mi, sà. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ." Wọn ò jà. Pásítọ̀ bá a gbàdúrà kí wọ́n tó pínyà.

Olùkọ́bìnrin kékeré kan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n wá ròyìn fún Anti Òǹtẹ̀ pé ó mọ iṣẹ́, pé àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ó dùn mọ́ ọn, ó sì dùn ún. Ó gba líìfù rẹ̀ bí àwọn yòókù. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ó ti jí ní aago márùn-ún ààbọ̀, ó ti wọ bàtà, kó tó rántí pé kò sí ẹni tí òun fẹ́ lọ jí. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ gbọ́ ìró bàtà náà láti yàrá kejì. Ó dìde, ó gbé omi kaná, ó sì wá jókòó tì í.